Àpótí Mẹ́fà Tí Mo Bà Jẹ́ Mọ́ Tíṣà Lọ́wọ́

Àkànní, ọmọ Ọ̀pó, ọkọ Àṣàkẹ́, bàbá ìbejì. Àkànní a-wọ-funfun-lọ-kíláàsì, Tíṣà tí àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí ní Ọjà'ba. Àkànní Ọ̀pó, a-bínú-díẹ̀-rẹ́rìn-ín-púpọ̀. O ti lọ, Àkànní.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bí, mo sì mọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní ilé kéwú, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n fún mi, orúkọ tí mo bá sì ti gbọ́ kì í jáde lórí mi mọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní í kọ tirẹ̀ síbí. Orúkọ yẹn ló ń fẹ́ rí nínú ìwé ìròyìn kó tó kú. Èmi ni kò jẹ́ kó rí i. Ojú ń tì mí láti wá máa kọ ọ́ kiri fúnra mi.

Káfíńtà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé tí bàbá mi fi mú mi fún ọ̀gá iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ni mo lọ tún ṣe nílé Tíṣà, lápá òkè lọ́hùn-ún bí èèyàn bá ń lọ sí Mápó, tí mo fi bá a lórí ìwé ìròyìn, tó dorí kodò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́.

Gbogbo Sátidé ni ìwé ìròyìn náà máa ń gbé àwọn àpótí kéékèèké jáde lójú ewé tó kángun sẹ́yìn, àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú. Wọ́n á bi èèyàn ní ìbéèrè lédè òyìnbó, èèyàn á kọ ìdáhùn sínú àwọn funfun, lẹ́tà kan sí àpótí kan, àwọn kan ní ìbú, àwọn kan ní òòró. Kírọ́ọ̀sìwọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Ti àárín ọ̀sẹ̀ rọrùn. Ti Sátidé yìí, Tíṣà ní àwọn lọ́yà gan-an ń sá fún un. Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀ láìṣì kan, tó sì fi ránṣẹ́, wọ́n á tẹ orúkọ rẹ̀ ní Sátidé kejì, lábẹ́ ìdáhùn. Kò sí ẹ̀bùn kankan. Orúkọ nìkan ni.

Ọjọ́ yẹn ni Tíṣà ní kí èmi náà wá máa bá òun àti ọ̀rẹ́ òun kan gbà á, bébà kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta sì ń lò. Tíṣà ló ń kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, pẹ́ńsùlù ló sì ń lò. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á fi rọ́bà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, á gbé e ránṣẹ́ sí Ìyá Nọ́ọ̀sì ní Òkè Pádrè, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìyá Nọ́ọ̀sì á kọ tiwọn, wọ́n á fi inú búrẹ́dì pa á rẹ́, wọ́n ní rọ́bà máa ń ya bébà. Tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á yà gbé e fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo kẹ́yìn, n kì í sì í pa tèmi rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè la máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà, tí a ó jọ wo ohun tí mo gbé dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdáhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo ń gbé lọ. Tíṣà á ní, "Káfíńtà, o gbìyànjú." Bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo tẹ́ bébà náà sórí bẹ́ǹṣì, oòrùn Àsárì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Tí àwa káfíńtà bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó tẹ́jú, a ó gbé e sókè, a ó di ojú kan, a ó fi ojú kejì wò ó lọ gbọọrọ. Ibi tó bá ga tàbí tó jìn á hàn. N kò ro nǹkan kan tí mo fi gbé bébà yẹn sókè bẹ́ẹ̀. Mo di ojú kan. Gbogbo lẹ́tà Tíṣà ló dìde wá bá mi.

Pẹ́ńsùlù ti lọ, ojú ibi tó tẹ̀ kò lọ. Bí ẹni ń kọ nǹkan sójú pátákó ni Tíṣà ṣe ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀. Ti Ìyá Nọ́ọ̀sì fẹ́lẹ́, ó ní ìrù, ṣùgbọ́n òun náà wà níbẹ̀. Èyí tí Tíṣà kò mọ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Èyí tí Ìyá Nọ́ọ̀sì kò mọ̀, Tíṣà mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo kẹ́yìn, mo kó ti àwọn méjèèjì pọ̀. Gbogbo àpótí kún.

Ní Mọ́ńdè yẹn, Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Káfíńtà! Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́, Tíṣà."

"Níbo lo gbé orí yìí sí láti ọjọ́ yìí?"

Mo lè rẹ́rìn-ín nígbà yẹn kí n sì sọ ọ́. Àwàdà ni ì bá jẹ́. Tíṣà ì bá ti bú mi, a ì bá ti rẹ́rìn-ín tán. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ó ṣe ń bọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí tíṣà tó bọ̀ mí lọ́wọ́ rí láyé mi. Mo gbà á.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbà á. Nígbà tó yá, mo kọ́ bí a ṣe ń fi àpótí kan tàbí méjì sílẹ̀ lófìfo, kó má baà dà bíi pé ó ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ọwọ́ họ orí. Tí àlejò bá wá, Tíṣà á nawọ́ sí mi: "Ẹ rí ọkùnrin yìí? Kò ka ìwé mẹ́fà parí o. Ẹ gbé kírọ́ọ̀sìwọ́ọ̀dù Sátidé fún un kẹ́ ẹ wòran." Èmi á wolẹ̀. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ìgbà kan péré lọ́rọ̀ náà fẹ́ tú síta. Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ bébà, wọ́n ní, "Bàbá Káfíńtà, àṣìṣe tí èmi ṣe níbí náà lẹ ṣe. Lẹ́tà kan náà!"

"Àṣìṣe àwa ọlọ́pọlọ ni," mo ní.

"Ẹ gbọ́ o! Ó ti di àwa!" Wọ́n fi bébà gbá mi léjìká, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá ni ìtọ̀ ṣúgà dá Tíṣà jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan kó wá sílé láti máa tọ́jú rẹ̀. Ní Sátidé kan, Tíṣà ní kí ó pè mí.

"Káfíńtà, ti ọ̀sẹ̀ yìí kò ní í yí kiri. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ránṣẹ́ rí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ń ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ẹ ò sọ fún wa."

"Kí n sọ kí ni? Pé mo fìdí rẹmi?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ nínú rẹ́jísítà láràárọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan pe tèmi lẹ́ẹ̀kan."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì bá a gba méjì. Nígbà tó di ọ̀sán Túsìdeè, ó tún ránṣẹ́ pè mí. Mo rọra ń gun òkè náà lọ, torí kò sí ojú ìwé ẹnikẹ́ni tí mo máa wò lọ́jọ́ yẹn. Èmi àti orí mi nìkan ni.

Ọmọ rẹ̀ gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Gbogbo àpótí ti kún.

"Ẹyọ kan ló ń dà mí láàmú," Tíṣà ní. "Ọ̀rọ̀ sì dé ilé yín. Wọ́n ní: ó ń lu igi káfíńtà, kì í fi àpá sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà. Lẹ́tà kejì, A, ìkarùn-ún, E. Mo kọ MALLET. Ṣùgbọ́n HAMMER náà wọlé síbẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Iṣẹ́ mi ni wọ́n bi mí. N kò gbọ́ ìbéèrè náà dópin. Ibi tó ti sọ pé káfíńtà ń lu nǹkan ni etí mi dúró sí. Èkejì, MALLET tó pè yẹn, n kò gbọ́ ọ rí. Ẹni tí mo jẹ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tó ń gbé ìdáhùn mẹ́rin wá, ì bá ti ní, "Tíṣà, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ẹni tí wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ kò lè bi í.

"HAMMER ni," mo ní.

"Ó dá ọ lójú? Mo rò pé èkejì yẹn, igi ni wọ́n..."

"Tíṣà, ẹ fi ìwé sílẹ̀ jàre. Àádọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́! Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kankan ní gbogbo Ìbàdàn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ta ni mí tí n ó bá oníṣẹ́ jiyàn iṣẹ́ rẹ̀?"

Ó mú rọ́bà, ó pa lẹ́tà mẹ́rin rẹ́. Ó pẹ́ kó tó pa á tán. Ó fi bírò kọ tèmi, ó sì fi bírò tẹ gbogbo ìyókù. Ọmọ rẹ̀ ya bébà náà sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ lójú wa.

"Ó ti lọ, Dádì."

"Sátidé yóò dé," Tíṣà ní, ó sì pa ojú dé bí ẹni tó jẹun yó.

Ní Sátidé, mo ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta Bẹẹrẹ kó tó tẹ́ ọjà rẹ̀ tán. Mo ṣí ojú ewé yẹn. Ìdáhùn ni mo kọ́kọ́ rí: MALLET. Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo rántí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ọ̀kan nínú wọn.

Mo nawọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ dákun, kí ni wọ́n ń pè báyìí?"

Ọkùnrin náà wò ó. "Òòlù onígi ni, Bàbá. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ ń lò ó ni?"

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú mi. Ọ̀gá mi ló fún mi lọ́jọ́ tí mo gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìdìmú ọwọ́ ti sọ èèkù rẹ̀ di dúdú. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nípa rẹ̀ ni pé òun la fi ń lu oríkèé àga tí a ti dán, torí irin yóò dá àpá sí i lára. Èmi náà ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá bẹ́ẹ̀. Mo lè ka orúkọ wọn.

Mo ká bébà sábẹ́ bùbá, mo lọ sílé Tíṣà. Ó ti ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ó ti wọ awò ojú.

"Ó dà?"

"Bébà kò dé lónìí, Tíṣà."

"Lọ́jọ́ Sátidé?"

"Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ló bà jẹ́ lọ́nà."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, bébà náà ń dún lábẹ́ bùbá mi tí mo bá mí. Ní Sọ́ńdè, mo sọ pé wọ́n ti tà á tán. Ó ní, "Káfíńtà, bá mi wá a dáadáa," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Mo ní n ó wá a. Mo pinnu pé tó bá di Mọ́ńdè, ní ìrọ̀lẹ́ tí a máa ń pàdé, n ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí oòrùn Àsárì ọjọ́ yẹn. Mo dé ibẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó ń sùn. Ọmọ rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó sinmi. Inú mi dùn pé ó ń sùn. Èyí gan-an ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Kí ilẹ̀ Túsìdeè tó mọ́ dáadáa, wọ́n wá pè mí.

Èmi ni mo gé pákó tí wọ́n máa tẹ́ lé e lórí nínú sàréè. Mo rẹ́ ẹ, mo di ojú kan, mo wò ó lọ gbọọrọ, ó tẹ́jú. Ìyá Nọ́ọ̀sì wà lágbàlá nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n we gèlè dúdú.

"Bàbá Káfíńtà," wọ́n ní, "bébà Sátidé ńkọ́? Ṣé orúkọ Tíṣà jáde?"

"Kò jáde. Tíṣà gbà á, èmi ni mo ní kí wọ́n pa ìdáhùn náà rẹ́." Ẹnu mi kò dúró mọ́. "Ìyá, n kò dá ọ̀kan gbà tán rí láti ọjọ́ yìí. Ojú ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti tẹ pẹ́ńsùlù ni mo ń wò."

Mo retí kí wọ́n bú mi.

"Ṣé Tíṣà mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

Wọ́n yí ojú kúrò lára mi. "Ẹ gbé pákó yẹn wọlé," wọ́n ní. "Wọ́n ń dúró dè yín."

Mo gbé e wọlé. A kírun sí i lára lẹ́yìn Àsárì, a sì sin ín sí àgbàlá ilé bàbá rẹ̀, lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn.