Ọgbà Tí Màmá Mi Sè

Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ́ yín bí a ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ lórí tẹlifíṣàn, ẹ̀yin náà ò sì yéé sọ pé mi ò lọ́gbà tèmi.

Lónìí, mo kó àwọn oníkámẹ́rà wá sílé wa l'Ólúyọ̀lé, kẹ́ ẹ lè rí i.

A dé ẹ̀yìnkùlé. Ebè lásán.

"Màmá, tẹ̀tẹ̀ mi dà?"

Màmá mi ní, "Ó wà lórí iná. Ṣé àlejò á wá wo ẹ̀fọ́, á wá máa lọ láìjẹun ni?"

Wọ́n jẹun. Ọ̀gá oníkámẹ́rà tún bù sí i.

Mo bá dúró síwájú ebè, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ sí ọgbà mi."

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́. Ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi lábẹ́ ohun tí mo kọ síbí yìí.