Kílò Méjìdínlọ́gọ́rin

Ní àdúgbò Fate, kò sẹ́ni tí kò mọ Tíṣà Abdulmumini, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Ìlọrin ní jọ́gíráfì kí ó tó fẹ̀yìntì. Ohun tí wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n jù ni Pijó 504 aláwọ̀ sánmọ̀ tó rà lọ́dún tó gbé Safiyat níyàwó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún báyìí. Ọkọ̀ náà ti gbó, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà, nítorí Tíṣà kì í fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣeré. Ṣáàsì rẹ̀ ni kò dáa mọ́, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ara ọkọ̀ dúró. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kòtò ojú títì ti lù ú, ó ti rọ̀. Bí Tíṣà bá yà ní kọ́nà, iwájú á kọ́kọ́ lọ, ìdí ọkọ̀ á wá máa wọ́ tẹ̀lé e bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ sílé kéú.

Kọ́nà kan ló bà á jẹ́ pátápátá. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, òun àti Safiyat ń bọ̀ láti Òkè-Oyi, iṣu kún búùtù. Ibi tí Tíṣà ti ń yà fún ọlọ́kadà kan ni ìdí ọkọ̀ ti gbọ̀n lọ sọ́tùn-ún, tó tún gbọ̀n padà sósì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kó sí gọ́tà. Safiyat kò pariwo. Ó ka àdúà tirẹ̀ tán, ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó ní, "Bàbá Hadiza, mi ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́, àfi bí ẹ bá tún un ṣe." Tíṣà ní òun á tún un ṣe. Ẹ̀yin náà mọ bí ọkùnrin ṣe máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Kò ju oṣù márùn-ún lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Hadiza, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bímọ sí Kánádà. Ìyá ló máa ń lọ bá ọmọ wẹ ọmọ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni Safiyat lóun máa lò. Ọmọ tó lọ wẹ̀ ti ń sáré kiri báyìí, ó ti ń fi èdè òyìnbó bú èèyàn, Safiyat ò tíì dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hadiza ní kí bàbá òun náà máa bọ̀. Tíṣà ní ta ni yóò máa ṣọ́ ilé. Irọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀rù ló ń bà á pé kí òun má lọ di àgbàlagbà tó ń jókòó sórí àga oníàga, tó ń retí ìgbà tí wọ́n máa bu oúnjẹ fún un. Ó bá dúró. Ó ń dáná fúnra rẹ̀, ìrẹsì rẹ̀ a sì máa pọ̀ jù, torí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ òṣùwọ̀n ẹnìkan. Ó ń dá rédíò lóhùn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí ejò kan máa ṣe bí èkejì rẹ̀ bá wọ bàálù.

Lọ́dún yìí ni Safiyat wá sọ lórí fóònù pé, "Lẹ́yìn Iléyá, in ṣá Allahu, mò ń bọ̀." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Tíṣà fi wa ọkọ̀ lọ bá Haneef lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Haneef ni wẹ́dà tó mọṣẹ́ jù nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì, Tíṣà ló kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù kan ibí, ó kan ọ̀hún, ó jáde pẹ̀lú ìpẹtà lórí.

"Tíṣà, ká gé ibi tó ti jẹrà dànù, ká jó irin tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ká tún fi irin kan dábùú iwájú, lókè ṣọ́ọ̀kì. Wallahi, tẹ́ ẹ bá ti yà, gbogbo ẹ̀ á jọ yà lẹ́ẹ̀kan ni."

"Ṣe é."

"Ó ku ohun kan. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jó ṣáàsì lórí jáàkì. Orí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọkọ̀ máa ń dúró, pẹ̀lú ìwúwo àwọn tó ń gbé. Bí irin bá ti tutù, bó ṣe bá ọkọ̀ náà ló máa dì í mú, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Tá a bá jó o fún ẹni méjì, tẹ́ ẹ wá ń dá wà á, á máa fà sápá tiyín. Tá a bá sì jó o fún ẹ̀yin nìkan, ọjọ́ tẹ́nìkan bá jókòó tì yín, ó di wàhálà. Yanrìn la máa fi dípò èèyàn. Ta ló máa ń jókòó síwájú pẹ̀lú yín?"

"Ìyàwó mi ni."

"Kílò mélòó ni wọ́n wọ̀n?"

Tíṣà kò mọ̀. Obìnrin tó ti bá gbé fún bí ogójì ọdún! Ó fa fóònù yọ, ó lọ dúró sábẹ́ igi dongoyárò kan, ó pè é. Ojú Safiyat yọ, súwẹ́tà ńlá lọ́rùn, ọmọ lórí itan.

"Ìyá Hadiza, kílò mélòó lo wọ̀n?"

Safiyat rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Bàbá Hadiza, ṣé ẹ fẹ́ tà mí ni?"

"Ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Wọ́n fẹ́ mọ ìwúwo ẹni tó ń jókòó níwájú."

Ẹ̀rín náà dá wáí. "Ẹ ṣì ń wa ọkọ̀ yẹn?"

"Ìwọ lo ní kí n tún un ṣe."

Ó bojú wolẹ̀, ó ń tún ọrùn ẹ̀wù ọmọ náà ṣe, ẹ̀wù tí kò sí nǹkan tó ṣe é. "Wọ́n wọ̀n mí ní ọsibítù níjẹta. Méjìdínlọ́gọ́rin." Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀. "Bàbá Hadiza, àná ni mo ti fẹ́ pè yín. Hadiza ti tún lóyún. Wọ́n sì ti fún mi ní ìwé ìgbélùú. Mi ò ní lè wá lẹ́yìn Iléyá."

"Ìgbà wo wá ni?"

"Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ wá bá wa níbí, ẹ jọ̀ọ́. Ilé yìí gbà yín."

Tíṣà ní òun á rò ó. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò ní rò ó. Fóònù kú, kò sì yé e bóyá òun ló pa á ni àbí Safiyat.

Nígbà tó padà, Haneef ti di ṣọ́bìrì mú nídìí òkìtì yanrìn. "Tíṣà, wọ́n ti sọ ọ́?"

Èmi nìkan ni. Gbólóhùn yẹn ló yẹ kó sọ, òótọ́ ni, ó sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Tíṣà tó máa ń na ọmọ tó bá fi irọ́ ya máàpù! Ó gbé e mì.

"Méjìdínlọ́gọ́rin," ó wí.

Haneef wọn yanrìn náà pé pérépéré sínú àpò ńlá kan, ó gbé e jókòó síwájú, ó wọn ti Tíṣà náà, ó sì jó ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ náà dáa. Nígbà tí wọ́n gbé yanrìn kúrò tí Tíṣà dán an wò, ọkọ̀ ń fà sósì, bí Haneef ṣe sọ gan-an. Wọ́n dá àpò Safiyat padà, ọkọ̀ náà ń lọ geere. Tíṣà ní kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì so bẹ́líìtì mọ́ ọn kó má baà ṣubú. Bó ṣe ń wa ọkọ̀ kiri Ìlọrin nìyẹn. Àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sú wọn.

Iléyá dé, Iléyá kọjá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, oòrùn mú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Àbùbákàr, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní kó gbé òun dé Ọjà-Ọba. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

"Mumini, jẹ́ n gbé nǹkan yìí sí búùtù."

"Fi sílẹ̀. Jókòó sẹ́yìn."

"Yanrìn níwájú, èmi lẹ́yìn? Kí ni yanrìn fi jù mí lọ?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń tú bẹ́líìtì.

Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ ṣàlàyé ṣáàsì, bí irin ṣe ń tutù, bí ọkọ̀ ṣe ń fà sósì. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo Fate, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Àbùbákàr ló ń wò, Àbùbákàr tó ṣe alárinà òun àti Safiyat.

"Safiyat nìyẹn," ó wí. "Kò bọ̀ mọ́, Àbùbákàr. Mo ti mọ̀ kí n tó ní kí wọ́n jó o."

Àbùbákàr so bẹ́líìtì náà padà. Ó rọra pa ilẹ̀kùn iwájú dé, ó lọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n sì gbéra lọ sí Ọjà-Ọba. Gbogbo kọ́nà tí wọ́n yà lọ́nà ni ọkọ̀ yà láìgbọ̀n, kò sí ohun tó ń mì nínú rẹ̀ àfi èjìká Tíṣà.