Ìgò Tó Wà Láyà Ṣẹ́ẹ̀tì Àna Mi

Ọkọ àbúrò mi kú. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á, wọ́n sì ní ká gba kámú. N kò gbà.

Ọkọ̀ tó ń kó ọtí ló ń wà, àmọ́ ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Olómi ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bí wọ́n bá já ẹrù tán, tí wọ́n ń ṣí ìgò, omi ni yóò gbé jáde. "Ẹ máa mu tiyín, èmi ni màá wa ọkọ̀ délé." Ẹ̀rín rẹ̀ ṣì wà létí mi.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò nítorí pé ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà gbójú sókè, ó rí àwòrán ìgò tí ilé iṣẹ́ yà sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bá parí iṣẹ́ síbẹ̀.

"Èsì ẹ̀dọ̀ yín ga díẹ̀. Ẹ dín ọtí kù, ọ̀gá awakọ̀."

"Dókítà, èmi kì í mutí o."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Díẹ̀! Ṣebí láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò? Nígbà tó padà lọ, dókítà mìíràn ló bá, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbọ́. Kí ni ẹni tí kò mutí yóò dín kù? Omi?

Ṣé ó ṣòro láti bi í bóyá ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ ti ṣàìsàn ẹ̀dọ̀ rí? Àìsàn náà ló pa ìyá rẹ̀. Ṣé ó ṣòro láti wá kòkòrò àrùn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà tán? Ilé ìwòsàn ńlá wá a, wọ́n sì rí i. Ikùn rẹ̀ ti wú nígbà náà. Oògùn tó lè tẹ kòkòrò náà lórí ba wà, àsìkò ni kò sí mọ́. Ẹ káre, ẹ̀yin amòye tó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò mi kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò yẹn, torí àrùn náà máa ń ran ará ilé. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Màmá, ara àwọn wọ̀nyí le. Ẹ máa mú wọn lọ sílé."

Ọ̀gá ilé ìwòsàn, ta ló ka èsì ẹ̀jẹ̀ àna mi tó pa á tì? Ẹ dárúkọ wọn. Kí wọ́n wá ṣàlàyé lójú opó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ wò. Lọ́la a ó tún kó wọn wá. Aṣọ ilé ìwé ni wọn yóò wọ̀. Kò sí ìgò láyà rẹ̀.