Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Gbóòórùn Gíláàsì Òfìfo

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri Dunmoor, ìlú wa, pé ẹ̀gbọ́n mi fi ẹnu ara ẹ̀ ba iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ panu mọ́. Èmi wà níbẹ̀. Ara ẹsẹ̀ mi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Delmer Pruitt lorúkọ ẹ̀. Èmi Nadine ni àbúrò ẹ̀, ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ. Ilé ìpọntí Catlow ni bàbá wa ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú, ibẹ̀ náà la sì wọ̀, nítorí ní apá Kentucky tiwa níbí, bí o ò bá gbin tábà, ìdí ọtí lo máa wà. Ọtí àgbàdo tí à ń pè ní bọ́bọ̀n la ń ṣe jù. A tún máa ń ṣe díẹ̀ nínú ti ọkà ráì, èyí tó máa ń ta ahọ́n bí ata. Inú àgbá igi tí wọ́n ti fi iná jó inú ẹ̀ dúdú la máa ń rọ ọ́ sí, a ó tò ó sílé àgbá, ó di ọdún mẹ́fà, ó di mẹ́jọ, ó di méjìlá. Tó bá wá pé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Òun ni olórí àwa tí à ń fún ọtí ní máàkì, bẹ́ẹ̀ kò sì fi ọtí kan ẹnu.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ laago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, àwa mẹ́ta máa jókòó yí tábìlì ká. Kò sí kọfí, kò sí lọ́fínńdà lára ẹnikẹ́ni. A ó gbóòórùn ọtí, a ó gbà á sẹ́nu, a ó tu ú dànù, a ó sì fún un ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Delmer kì í jókòó tì wá. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé, nígbà tí ọtí ti gbẹ nínú gíláàsì tí a fi sílẹ̀ láìfọ̀. Á máa gbé wọn sí imú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dijú. "Èyí ti pẹ́ jù lábẹ́ òrùlé. Oòrùn ti sè é." "Ráì lèyí o, ta ló gbé e mọ́ bọ́bọ̀n?" "Ẹ wá gbọ́ òórùn àpótí tábà bàbá wa níbí." Lẹ́yìn náà á kọ máàkì tiẹ̀, tiẹ̀ ló sì máa ń borí tiwa.

Coy Medley, ọ̀kan nínú àwa tí à ń jókòó sí tábìlì, kì í jẹ́ kó simi.

"Bàbá Òfìfo! Ṣé òfìfo ti yó yín láàárọ̀ yìí?"

"Coy, ìwọ tó ń mu kíkún, kí lo rí níbẹ̀ láti ọdún yìí wá?"

"Mo rí ayọ̀, bàbá."

"O rí ikùn." Ikùn Coy sì tóbi lóòótọ́, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Delmer máa ń sọ pé gíláàsì tí ọtí ti gbẹ nínú ẹ̀ kì í purọ́. Ó ní bí ọtí bá ṣì wà níbẹ̀, agbára ẹ̀ máa ń pariwo bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Tó bá ti lọ tán, igi àti ọkà nìkan ló kù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló sọ ọ́ di agbóòórùn òfìfo.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn, nínú oṣù kẹsàn-án, a ń rọ ọtí sínú àgbá. Ọtí funfun ni, èyí tí kò tíì bá igi pàdé, tó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ìyàwó Delmer kú lọ́dún yẹn, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, ọkùnrin náà sì ti sọ ọtí di ìyàwó. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ń fà á mu lẹ́nu rọ́bà tí a fi ń rọ ọ́. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó fi igi dènà àgbá lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí à ń yí wọn gbà. Ó ní òun fẹ́ jó ijó kan fún wa wò. Ibi tó ti ń jó ló ti fẹsẹ̀ gbá igi ìdènà kúrò. Èmi wà nísàlẹ̀, mo kọ̀yìn sí wọn. Mo gbọ́ ariwo, kí n tó yíjú, àgbá tó kún dẹ́nu ti fún ẹsẹ̀ òsì mi mọ́ òpó.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Catlow àgbà, tó ni ilé ìpọntí náà, sáré dé, ó bi wá pé ta ló yọ igi náà. Delmer la ẹnu. Mo mọ̀ pé bó bá fọhùn, òórùn ẹnu ẹ̀ nìkan ti tó láti lé e lọ, àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn á sì máa febi sùn. Mo ní, "Èmi ni, sà. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́ ọ." Mo ń sunkún, mo ń purọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú pákó àgbá náà là. Wọ́n fi pákó tuntun rọ́pò ẹ̀ kíákíá láìfi iná jó o, wọ́n dá ọtí padà sínú ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé àgbá. Àgbá 417 ni. Ẹsẹ̀ tèmi ò rí pákó tuntun. Wọ́n gbé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àgbá, wọ́n ní kí n lọ máa fọ gíláàsì ní yàrá ìtọ́wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i nígbà tó yá pé ẹnu mi mọ ọtí.

Láti ọjọ́ náà, Delmer ò mu ún mọ́. Ẹ̀kán kan kò kàn án lẹ́nu. Nítorí pé mi ò lè dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀, ó máa ń wá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á bá mi fọ gíláàsì tí wọ́n lò lánàá. Níbi tó ti ń fọ̀ ọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn wọn. Ọ̀gbẹ́ni Catlow bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń dá sọ̀rọ̀, ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò tàsé. Bó ṣe di olórí wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yé fọ gíláàsì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti nu ọwọ́ tán, á bi mí pé, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Èmi á ní, "Ó ti san, bọ̀ọ̀dá." Ọdún méjìlá gbáko la fi ń sọ bẹ́ẹ̀ síra wa.

Ọ̀gbẹ́ni Catlow kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó ra ibẹ̀ rán Trent Ashbaugh sí wa láti Louisville, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàtà ẹ̀ mọ́ ju àwo lọ. Mi ò kórìíra ẹ̀. Ó fẹ́ kí a mú àgbá ọlọ́dún méjìlá márùn-ún, kí a yan ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n á rọ sínú ìgò àkànṣe.

Ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bàbá, ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé ọtí yìí gbọ́dọ̀ jókòó sí tábìlì, kó gbà á sẹ́nu bíi ti gbogbo ayé. Mi ò lè sọ fún àwọn tó fẹ́ rà á pé ẹnìkan gbóòórùn gíláàsì òfìfo."

"Tí mi ò bá gbà á sẹ́nu ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀. Mo máa fi ẹlòmíì sípò yín."

Èmi ni mo kọ nọ́ńbà àwọn àgbá márààrún sínú ìwé. Ìkarùn-ún ni 417. Mo wò ó, mo pa ìwé náà dé. Mi ò sọ fún Delmer.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Mísà, mo lọ sílé ẹ̀. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo la ń jẹ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé iṣẹ́ wọn jù sílẹ̀ fún wọn."

"Kí n wá máa ṣe kí ni? Kí n jókòó síwájú ilé kí n máa ka ewé?"

"Ẹ ka ewé! Ewé ò pa èèyàn rí."

"Nadine, wọ́n máa ń tu ú dànù ni. Ṣebí ìwọ náà ń tu ú."

"Ẹnu tèmi kọ́ lẹnu tiyín. Ẹnu tiyín ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu nǹkan dànù. Àbí ẹ ti gbàgbé ni?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ti kábàámọ̀. Ó bu búrẹ́dì, kò jẹ ẹ́.

"Mi ò gbàgbé," ó ní. Lẹ́yìn náà, bíi tàtijọ́: "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti san."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wọ ẹ̀wù tó fi sin ìyàwó ẹ̀. Ó jókòó láàárín èmi àti Coy. Àní Coy gan-an ò ṣẹ̀fẹ̀. Trent gbé gíláàsì mẹ́rin àkọ́kọ́ síwájú wa, ó ní kí a kọ́kọ́ gbóòórùn gbogbo wọn ná, kí a tó dé orí ẹnu. Delmer rọra ń kọ nǹkan sínú ìwé. Èmi ò kọ nǹkan kan. Ojú mi wà lára ọwọ́ ẹ̀, mo sì ti pinnu pé bó bá gbé ọtí kan ètè, mo máa gbá gíláàsì náà dànù lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lé àwa méjèèjì.

Ìkarùn-ún dé. Ó gbé e sí imú, ó sì dá ọwọ́ dúró.

"Igi tútù wà nínú èyí," ó ní. "Pákó kan wà nínú àgbá yìí tí iná ò jó."

Trent wo ìwé ẹ̀. "Mi ò rí ìyẹn níbí, bàbá. Ó yá, ẹ gbà á sẹ́nu."

Delmer yíjú sí mi. "417 ni, àbí?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé gíláàsì náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mi ò ní gbà á sẹ́nu, Trent. Mo ti tọ́ ọtí yìí wò. Ọjọ́ tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú àgbá ni mo mu ún yó, mo sì gbá igi ìdènà kúrò nídìí ẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ẹsẹ̀ àbúrò mi. Irọ́ ló wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ yìí, àbúrò mi ló pa irọ́ náà nítorí tèmi."

"Bọ̀ọ̀dá!" mo pariwo. "Ta ló bi yín?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí."

Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Trent fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ létí èèyàn mẹ́rin. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́." Àánú ṣe é, mo rí i. Ó ní kí a parí iṣẹ́ ọwọ́ wa ná.

Coy tọ́ 417 wò, ó fún un ní mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ó ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ẹnì kẹrin wa fi ọ̀kan lé e. Ó wá kan èmi.

Ó dùn. Mi ò ní tàn yín. Ṣúgà jíjóná ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà èso ṣẹ́rì, ó móoru lọ́nà ọ̀fun. Mo fẹ́ kọ márùn-úndínlọ́gọ́rùn-ún kí n fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi lóore, kó lè rí i pé nǹkan rere jáde nínú ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí mo tu ú dànù tán ló tó dé: ìkorò kan látẹ̀yìn, tó lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tí kò lọ.

Mo kọ ọgọ́rin.

"Ọgọ́rin kẹ̀?" Coy ní. "Nadine, ṣé ara yín yá?"

"Ó korò," mo ní. Kì í ṣe Coy ni mò ń dá lóhùn. "Ó korò lẹ́yìn, bọ̀ọ̀dá."

Delmer wò mí títí. "Mo gbóòórùn igi tútù náà," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó korò tó bẹ́ẹ̀."

"Ó ti ń korò láti ọjọ́ yẹn."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù kúrò lórí ẹ̀, omi sì dà lójú ẹ̀ níwájú Coy àti níwájú bàtà dídán yẹn. Àgbá mìíràn ni wọ́n yàn. Trent ò lé e, ó ní kó fẹ̀yìn tì lópin oṣù náà. Èmi gba ìwé ìkìlọ̀ tèmi, mo ṣì ń jókòó sí tábìlì.

Wọ́n ní ó ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́. Bóyá. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń di gíláàsì òfìfo sínú àpótí lọ sílé ẹ̀, á gbóòórùn wọn, á bú Coy, lẹ́yìn náà la ó jọ fọ̀ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé wọn dé, a dúró sídìí omi, ó sì nu ọwọ́.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí, bọ̀ọ̀dá," mo ní. "Kò fìgbà kan san rí. Tí òjò bá ti ṣú, mi kì í sùn."

Ó fi ẹsẹ̀ fa àga sún mọ́ mi.

"Jókòó," ó ní, ó sì gba gíláàsì ọwọ́ mi.