Phebe Onídìrí àti Ẹ̀rọ Ọ̀gá Àkànó

Ní Ìṣọkùn ní Iléṣà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú kì í ra ìwé ìròyìn. Ọ̀dọ̀ Phebe Onídìrí ló ń lọ. Ìyá Ìmísí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, nítorí Ìmísíolúwa ọmọ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń dirun. Ìka rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ìka lọ. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé irun tí a bá panu mọ́ dì kì í pẹ́ tú. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ gbà á gbọ́, àwọn náà sì ń kó ọ̀rọ̀ tiwọn wá.

Ọ̀kan nínú wọn ni Susannah, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Odindi ọdún mẹ́rìnlá ni Phebe fi ń di irun rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Susannah. Kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà, kì í sì í yí tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ní ọsibítù, àwọn kan ní ó ń gbọ́, àwọn kan ní kò gbọ́. Barnabas ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìwàlẹwà, ní ó ń gbọ́. Phebe ní tirẹ̀ gbà pé kò gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ ó ń lọ ní gbogbo Sátidé láti dirun fún un, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

Ní oṣù kẹrin, ìyá Susannah kú ní Ọ̀tan-Ilé. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: a kì í túfọ̀ fún aláìsàn. Barnabas pe àwọn ẹbí jọ, ó pe Phebe mọ́ wọn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ìyàwó òun, nítorí ọ̀rọ̀ náà lè pa á. Gbogbo wọn ṣèlérí. Ọkùnrin náà tún fi tirẹ̀ lé e: bó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, á dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, á ní, "Yèyé ní kí n kí ọ o. Ara wọn le."

Sátidé kejì lẹ́yìn ìsìnkú, Phebe gbé orí Susannah lé itan, ó ń ya irun, ọ̀rọ̀ náà sì ń yún un lọ́fun. "Yèyé ti lọ o, ọ̀rẹ́ mi," ló wí. Ó sọ bí pósí ṣe rí, ó sọ orin tí ìjọ kọ, ó dárúkọ ẹbí tó kọ̀ tí kò wá. Susannah ń wo àjà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Oṣù kẹwàá ni Abdulhameed Àkànó dé, ẹnjiníà ọmọ Òṣogbo, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ iṣẹ́ ọpọlọ láti òkè awọ orí, láìfi ọ̀bẹ kàn án, láìgún abẹ́rẹ́. Ó ní bí ènìyàn bá ń retí ọ̀rọ̀ kan, tó sì gbọ́ ọ, ọpọlọ rẹ̀ á ta gìrì díẹ̀. Òun á máa pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí Susannah létí láìtò wọ́n: Bẹ́ẹ̀ ni, Rárá, Omi, Oorun. Kí ó máa ka iye ìgbà tó bá gbọ́ èyí tó jẹ́ ìdáhùn rẹ̀, nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rọ á mọ ibi tí ọpọlọ ti ń ta gìrì. Ìdáhùn kan máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"A ó kọ́kọ́ fá orí wọn," Àkànó wí, "kí wáyà lè lẹ̀ mọ́ ọn."

Barnabas fò dìde. "A kì í fá orí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láyé! Ṣé mo ti kú ni?"

Phebe ló gbà wọ́n. "Ọ̀gá, ẹ fi ibi tí ẹ ń fẹ́ hàn mí." Àkànó fi bírò ya orí sórí ìwé, ó sàmì sí ibi mẹ́jọ. Phebe fi ọṣẹ fọ gbogbo ìpara kúrò nínú irun náà, ó di pàtẹ́wọ́, ó sì la ojú irun gba ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjá. Àwọn irin pẹlẹbẹ orí wáyà jókòó sórí awọ orí pẹ́pẹ́. Àkànó ní wọn kò kọ́ òun ní èyí ní yunifásítì.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, aláìsàn mìíràn sì ń dúró dè é ní Òṣogbo. Àkànó ní kí Barnabas mú ìbéèrè mẹ́ta wá fún Susannah, èyí tí ìdáhùn wọn dá a lójú. Bí Susannah bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ á dúró ní Iléṣà fún oṣù mẹ́ta láti máa bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbà á, ó di Òṣogbo, wọn á sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé obìnrin náà kò gbọ́ nǹkan kan.

Barnabas kọ wọ́n sílẹ̀: Ṣé Susannah lorúkọ rẹ? Ṣé Òṣogbo ni wọ́n ti bí ọ? Ṣé Yèyé wà ní Ọ̀tan-Ilé? Ó fa Àkànó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣàlàyé ti ẹ̀kẹta fún un. Yèyé ti kú, ṣùgbọ́n Susannah kò mọ̀, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni ló máa dáhùn.

Ìdáhùn kìíní: Bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì: Rárá. Barnabas di irin ibùsùn mú. Ìkẹta: Rárá.

"Ẹ má bínú, bàbá," Àkànó wí. "Ó jọ pé àwọn méjì ìṣáájú kàn ṣe kòńgẹ́ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà.

Phebe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òun nìkan ló mọ̀ pé Susannah kò ṣì í. Bó bá sọ ọ́, gbogbo ẹbí á mọ ẹni tó túfọ̀ fún aláìsàn, ta ni yóò tún fi orí rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní Ìṣọkùn? Àkànó yọ ọ̀kan, ó yọ èkejì. Ẹ̀rù ba Phebe gan-an. Nígbà tí Àkànó yọ ẹ̀kẹta, Phebe lanu.

"Ẹ dúró, ọ̀gá. Kò ṣì í. Bàbá Ìwàlẹwà, èmi ni mo sọ fún un pé Yèyé ti kú. Láti oṣù kẹrin. Mo rò pé kò gbọ́ ni."

Barnabas gbé ọwọ́ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Ìyá Ìmísí! Irú ẹnu wo nìyí?" Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì jọ pé ìgbà náà ni gbogbo ọjọ́ Àìkú tó ti ń jíṣẹ́ òkú fún ẹni tó mọ̀ pé Yèyé ti kú ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó jókòó wọ̀ọ̀.

Ó ní kí Àkànó dá wáyà padà. Ó tẹ orí ba, ó fẹnu sí etí ìyàwó rẹ̀.

"Susannah, ṣé o ń bínú sí mi?"

Wọ́n dúró. Àkànó ń pe ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àpètúnpè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Àkànó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún un wò, kò fẹ́ sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

Barnabas sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń ké pe àwọn nọ́ọ̀sì: "Ẹ wá o! Ẹ wá gbọ́! Ó ń bínú! Ìyàwó mi ń bínú sí mi!"