Àáké Nínú Oko Kajú Bàbá Mi

Alágídí ni wọ́n ń pè mí ní Alafiarou, ìlú wa, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò lágídí, kí ló fẹ́ fi dáko?

Bàbá mi ló gbin oko kajú wa, wọ́n sì gbìn ín há mọ́ra. Bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn: ilẹ̀ tí igi bá kún, kò sẹ́ni tó máa dé kó ní ó ṣófo. Ilẹ̀ dúró fún wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn igi náà ń bá ara wọn du oòrùn, èso wọn sì ń kéré sí i lọ́dọọdún.

Lọ́dún kan, ọkùnrin kan tó ń ra kajú tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun wá sọ́dọ̀ wa. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, ó ń fi ọ̀bẹ la kóró wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ọ̀pọ̀ wọn ti hunjọ.

"Baba, ẹ má bínú," ló wí, "èyí ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kutonu."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí fún Bàbá.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gé díẹ̀ níbẹ̀, kí ìyókù ráyè."

Háà! Bàbá fara ya. "Igi tí mo fọwọ́ ara mi gbìn? Tí èmi náà bá gbó tán, wàá gé mi ni?"

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Igun oko tí wọ́n pín fún mi ni mo kọjú sí. Mo gé igi kan, mo dá ọ̀kan sí, títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Lọ́dún yẹn, ohun tí mo kó kò tó nǹkan. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín lọ́jà: "Tata Aláàáké, kajú dà?" Àǹtí ni tata lọ́dọ̀ wa. Ó dùn mí o, kí n má parọ́. Mo ṣá ń ro ìdí àwọn igi tó kù.

Lọ́dún kejì, ẹ̀ka wọn tẹ́ rẹrẹ, kóró wọn sì tóbi. Ọkùnrin yẹn tún dé, ó tún là wọ́n wò. Ó kó tèmi tán pátá, ó fi ti Bàbá sílẹ̀. Mi ò lè wo Bàbá lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ti ṣáájú mi dé oko. Wọ́n gbé ọwọ́ lé igi ńlá kan.

"Ọdún tá a bí ọ ni mo gbin èyí," ni wọ́n wí. "Ó ti há mọ́ àwọn yòókù. Gé e."

Mo ń sunkún, mo sì ń gé e.