Ìrìn Àjò Mi sí Ajah Nítorí Mọ́tò Tí Kò Lè Mí Dáadáa

Ọjọ́rú ni. Mo kírun àsùbáà tán, mo sì wa mọ́tò jáde kúrò nínú ọgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti géètì, mo sì ní, "Ó dàbọ̀ o," fún ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Sìdíkátù, ìyàwó mi, ló máa ń bá mi ti géètì yẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì rèé tó ti kú. Èmi náà ni mò ń ṣí i báyìí, èmi náà ni mò ń tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé Lẹ́kkí. Ó tó oṣù méjì tí mọ́tò mi ti ń ṣàìsàn. Tí mo bá tẹ iná, á ta gìrì, á fà, á tún kú lójú ọ̀nà bí ẹni pé ẹnì kan fún un lọ́rùn. Mẹkáníìkì wa nílé pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo, ó mi orí, ó ní ó ti sú òun. Ọmọ mi Múfútáù, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lẹ́kkí, wá pè mí.

"Bàbá, ẹ gbé e wá, mo ti rí ẹni tó máa rà á. Ẹ ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Kí lẹ tún fẹ́ fi mọ́tò ṣe?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé mọ́tò yìí nìkan ló ń gbé mi kúrò níwájú ògiri? Tí wọ́n bá tà á, inú ilé ni màá jókòó sí títí Iléyá yóò fi gbé Múfútáù wá kí mi. Mo ní mo ti gbọ́, màá gbé e wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí ẹni tó tún un ṣe kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé, màá wà á padà sílé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú.

Ilẹ̀ mọ́ bá mi ní Ẹ̀pẹ́. Mo ra ẹja yíyan ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, ẹja ńlá tó dùn-ún wò. Nílé wa, ẹni tó ta ẹja fún ọ á bi ọ́ léèrè àwọn ará ilé, á tún ju kékeré kan mọ́ ọn. Èyí gba owó, ó yíjú sí ẹlòmíràn. N kò bá a jà, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà fẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tírélà tó ń ru yẹ̀pẹ̀ àti irin lọ sí Free Zone, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ló ni ín. Mọ́tò mi kú ní ìkóríta Eléko, àárín wọn gẹ́ẹ́. Awakọ̀ tírélà kan yọ orí lókè lọ́hùn-ún.

"Bàbá, ẹ gbé e kúrò lọ́nà jàre! Ṣé ikú lẹ wá ń wá ni?"

"Ṣé mo ní kó kú ni?" Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n fèrè rẹ̀ ti bo ohùn mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló kú kí n tó kọjá Ajah. Òógùn bò mí, n kò sì rí ẹni tí mo máa sọ pé "ṣé o rí i báyìí?" fún. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo, ẹja nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Lẹ́kkí Phase 1, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní kí n mú kóòdù wá. Nọ́ńbà tí onílé máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù àlejò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ilé o!" Níhìn-ín, bí o bá kígbe títí di alẹ́, tí o kò bá ní nọ́ńbà, ìta ni wàá wà. Múfútáù ti fi tèmi ránṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Rájí, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí ọmọ mi fi sílẹ̀.

Múfútáù ti lọ síbi iṣẹ́. Ilé rẹ̀ mọ́, ó tutù, gbogbo nǹkan wà níbẹ̀ àfi èèyàn. Ó pè mí lórí fóònù: "Bàbá, oúnjẹ wà nínú fíríìjì. Ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ ra mọ́tò ń bọ̀ lọ́la, aago méjìlá ọ̀sán." Mo jókòó, mo jẹ ẹja. Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, mo kí aládùúgbò rẹ̀ kan pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó yọ nǹkan kan létí, ó wò mí, ó fi í padà, ó lọ. Mo dá wà nílé, mo tún wá dá wà ní Lẹ́kkí. Oorun ti gbé mi lọ kí ọmọ mi tó wọlé, nígbà tí mo sì jí kírun, ó ti jáde.

Rájí nìkan ni mo rí bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo rojọ́ mọ́tò fún un.

"Ẹ ò ṣe gbé e lọ bá Ọ̀gá Rísì ní Ajah, Bàbá? Obìnrin ni o, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá ti sú àwọn mẹkáníìkì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ."

Aago mẹ́sàn-án ni mo débẹ̀, ẹ̀yìn gáréèjì ọkọ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún, ó ki ìbòrí rẹ̀ bọ inú aṣọ iṣẹ́. Kò fọwọ́ kan sípánà. Ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè bíi dókítà, ó wá ki wáyà ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀.

"Ẹ tẹ iná díẹ̀, Bàbá. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ó tó. Ẹ wá wo nọ́ńbà yìí. Bí ẹ ṣe ń tẹ iná ló yẹ kó máa lọ sókè. Kò lọ. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ́ńjìnì ò mọ̀."

Ó ní sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnì bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ṣe pọ̀ tó, kí ẹ́ńjìnì lè mọ ìwọ̀n epo tó máa fi pàdé rẹ̀. Ó yọ wáyà tó so mọ́ sẹ́ńsọ̀ náà. Ẹ gbà mí o! Mọ́tò tó ti ń wúkọ́ láti oṣù méjì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́.

"Òun ló ń parọ́ fún ẹ́ńjìnì," ni Rísì wí. Ó tú sẹ́ńsọ̀ náà jáde. Eruku ti dì mọ́ ọn. Ó fi oògùn fọ̀ ọ́, ó tún un dán wò, kò jẹ́. Ló bá yọ fíltà afẹ́fẹ́ tó ń dá eruku dúró, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ wínníwínní.

"Ta ló ń bá yín fi ẹ̀rọ fẹ́ fíltà yìí?"

"Wàsíù ni, fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀."

"Gbogbo Jímọ̀ kẹ̀! Bàbá, bébà nìyí o! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ti lù ú jálẹ̀, ihò yẹn ni eruku ń gbà lọ bá sẹ́ńsọ̀. Kí ló ń dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan?"

 Kò sí ohun tó ń dọ̀tí. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo gbé fíltà lọ, ó dọ̀tí lóòótọ́. Bí Wàsíù ṣe ń fẹ́ ẹ ló ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún mi, ó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, a rẹ́rìn-ín. Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, olúkúlùkù ń lọ bá oúnjẹ àti ìyàwó nílé. Èmi ń lọ bá ògiri. Ní Jímọ̀ kejì, mo tún tú fíltà. Èèyàn ò lè kàn lọ jókòó sí ìsọ̀ oníṣẹ́ láìgbé iṣẹ́ dání, ojú á tì í.

"N kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni, ọmọ mi," ni mo wí. 

Rísì gbé fíltà sílẹ̀. Ó nu àga kan, ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ Sìdíkátù fún un, kò sì kánjú. Sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì, fíltà tuntun ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ó kìlọ̀ fún mi kí n tó lọ.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ mọ́ o. Ó di oṣù mẹ́fà kí ẹ tó tú u."

Oṣù mẹ́fà! Inú mi dùn pé mọ́tò yè. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ gbé lọ bá Wàsíù fún oṣù mẹ́fà?

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni mo pe Múfútáù. "Sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn kó má wá. Mọ́tò ti dáa. Mo ti ń lọ sílé."

Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì rí yín sójú."

"Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ṣì wà níbẹ̀," ni mo wí. "Ìwọ náà ní mọ́tò."

Mọ́tò kò kú ní Eléko, kò kú níbì kankan. Mo kọjá àwọn tírélà bí ọ̀dọ́kùnrin. Mo kírun alásàrí nílé, mo sì ti géètì fúnra mi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo wa mọ́tò lọ sí ìsọ̀ Wàsíù. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ọwọ́ òfìfo. Ó kù díẹ̀ kí n padà.

"Bàbá, fíltà dà?"

"N kò gbé e wá. Kò sí iṣẹ́ lónìí. Mo kàn wá kí ọ ni."

Ó wò mí. Ó pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé fíltà yẹn ò dọ̀tí," ni Wàsíù wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní wá mọ́."

Ó yí táyà ńlá kan wá síwájú mi, ó fi aṣọ nù ún. Mo jókòó.